Ọ̀já àti Ẹ̀wọ̀n: Ohun tí Mo Kọ́ Nípa Táímìn ní Owódé

Owódé pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀kan wà lójú ọ̀nà Ìdírókò, ti àwọn ará Yewa nìyẹn. Ọ̀kan wà ní Èkó, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, Owódé Onírin, níbi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń ra páàtì. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Owódé Ẹ̀gbá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Orúkọ ìlú náà ń sọ pé owó ti dé. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí mo ti lo oṣù mẹ́jọ níbẹ̀, gbólóhùn tí mo gbọ́ jù ni, "Ọ̀gá, owó ò tíì sí o, ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ra ná." Láàárín owó tó dé àti owó tí ò tíì sí ni ọ̀rọ̀ táímìn bẹ́líìtì àti táímìn ṣéènì ti ń di ọ̀rọ̀ ńlá.

Ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé ọdún 2022 ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní ẹ̀ka wa lásìkò náà, ẹ mọ ohun tí ojú yín rí. Àwọn kan nínú wa kọ́ṣẹ́ télọ̀, àwọn kan ń ta dátà, àwọn kan lọ sóko. Èmi, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ni wọ́n rán mi lọ ní Owódé. Mẹkáníìkì ni. Bọ̀ọ̀dá ni mò ń pè é nílé; bí mo bá ti wọ aṣọ iṣẹ́, ọ̀gá ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá wá ki oríkì sípánà fún àwọn.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ ni "táímìn". Nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ọ̀pá irin méjì ló ṣe pàtàkì jù. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀, kíráńkì là ń pè é. Òun ni àwọn písítìn ń yí bí wọ́n ti ń lọ sókè, tí wọ́n ń bọ̀ nísàlẹ̀. Èkejì, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé òde òní, òkè ló wà. Kámúṣáàfù ni, kámù la máa ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń ṣí fáàfù, tó ń jẹ́ kó tún padà tì. Fáàfù sì ni ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde. Bí kíráńkì bá yí ẹ̀ẹ̀mejì, kámù gbọ́dọ̀ yí ẹ̀ẹ̀kan, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín. Ìdí nìyẹn tí eyín wíìlì kámù fi jẹ́ ìlọ́po méjì eyín wíìlì kíráńkì. Ohun tó so àwọn méjèèjì pọ̀, tí kì í jẹ́ kí ọ̀kan sá sílẹ̀ fún èkejì, ni bẹ́líìtì tàbí ṣéènì tí à ń wí yìí.

Iyán ni Bọ̀ọ̀dá fi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní kí n rántí ìgbà tí èèyàn méjì bá ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá gbé ọmọ odó sókè, èkejì á sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Wọn kì í wo ara wọn lójú, wọn kì í ka oókan, eéjì. Àkókò ló ti mọ́ wọn lára. Ọjọ́ tí ọwọ́ ẹnì kan bá ṣàdédé yẹ̀, ọmọ odó méjèèjì á kan ara wọn, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú wọn á sì dá. Nínú ẹ́ńjìnnì, písítìn ló nípọn, fáàfù ló tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn méjèèjì ló sì ń wá sí àyè kan náà, ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré tí kíráńkì ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kámù á yí ìgbà 1,500, ìyẹn ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fojú inú wo àwọn agúnyán tó ń gún un ní ìgbà 25 kí ẹ tó ṣẹ́jú. Bọ̀ọ̀dá ní, "Wọ́n ò gbọdọ̀ ṣì í lẹ́ẹ̀kan."

Bẹ́líìtì táímìn kì í ṣe ẹgbẹ́ bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta. Ti ìlọta kò ní eyín; bó bá yọ̀ díẹ̀, ata kàn ní pẹ́ kó tó kúnná ni. Ti táímìn ní eyín nínú, ó sì gbọ́dọ̀ wọnú eyín wíìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì fi fọ́nrán tó le gan-an ṣe egungun rẹ̀ nínú. Ó fúyẹ́, kì í pariwo, kì í sì í mu ọ́ìlì. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn ọkọ̀ tí à ń rí, gbígbẹ ló máa ń wà, lẹ́yìn ìdérí ike. Bí ọ́ìlì bá ta sí i, ṣe ló ń bà á jẹ́. Ooru ń jẹ ẹ́, ọjọ́ orí náà ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi máa ń dá ìgbà fún un. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní 60,000 máìlì, ẹlòmíràn á ní 105,000 máìlì, wọ́n á sì fi iye ọdún kún un fún ọkọ̀ tí kì í rìn púpọ̀.

Ṣéènì, irin ni. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà rí mọ bó ṣe rí. Inú ẹ́ńjìnnì gan-an ló wà, ọ́ìlì ló ń wẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ohun tó ń fà á kó má dẹ̀ ni téńṣọ́nà, ọ̀pọ̀ téńṣọ́nà ṣéènì ló sì jẹ́ pé agbára ọ́ìlì ló ń tì í. Àwọn ike gígùn kan tún wà tó ń darí ṣéènì kó má baà máa jù kiri. Wọn kì í dá ọjọ́ fún ṣéènì bíi ti bẹ́líìtì; èrò wọn ni pé, bí ọ́ìlì bá mọ́, ó lè bá ẹ́ńjìnnì dọ́jọ́ alẹ́. Ọ̀rọ̀ "bí ọ́ìlì bá mọ́" yẹn ni ọ̀pọ̀ wa kì í fẹ́ gbọ́.

Àwọn bàbá wa ò mọ àríyànjiyàn yìí. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, ọdún kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní Èkó. Peugeot 504 ń lo ṣéènì. Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, kò tilẹ̀ ní ṣéènì, kò ní bẹ́líìtì. Jíà ni kíráńkì fi ń yí kámù rẹ̀ tààrà, eyín kan eyín. Àmọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo rọ́bà. Ilé iṣẹ́ Glas ní Jámánì ló kọ́kọ́ fi bẹ́líìtì táímìn onírọ́bà sínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ fún títà, Glas 1004 ti ọdún 1962. Ó dínwó, ó sì rọrùn fún wọn nígbà tí kámù ti lọ sókè, tó jìnnà sí kíráńkì. Nígbà tí tòkunbọ̀ fi máa kún ojú ọ̀nà wa, ọkọ̀ oníbẹ́líìtì ti pọ̀ jáǹtìrẹrẹ, kò sì sí ẹni tó bá ọkọ̀ kọ ìwé wá pé ìgbà báyìí ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lábẹ́ igi tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ìdájọ́ àwọn awakọ̀ ò ní ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ṣéènì ló dára. Bẹ́líìtì, ikú ni. Ẹnì kan á ní òun ò lè ra oníbẹ́líìtì láéláé, òmíràn á ṣe àmín. Wọ́n á wá dárúkọ ọkọ̀. Toyota Corolla ti ọdún 1993 sí 1997, bẹ́líìtì. Corolla láti 1998, ṣéènì. Camry onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin títí dé 2001, bẹ́líìtì. Big Daddy onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin tó tẹ̀lé e ní 2002, ṣéènì. Honda Accord tí à ń pè ní Baby Boy, bẹ́líìtì. Bó bá ti dé orí End of Discussion, Accord ti 2003 sí 2007, ariwo á sọ, nítorí pé onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin rẹ̀ ń lo ṣéènì, ṣùgbọ́n onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà rẹ̀ ń lo bẹ́líìtì. Ìta kan náà, orúkọ kan náà, inú ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fi orúkọ ọkọ̀ ṣe ẹ̀rí, ó lè máa fi ọ̀já wakọ̀ kó máa rò pé ẹ̀wọ̀n ni.

Ohun kejì tí kì í jáde lábẹ́ igi yẹn ni pé bẹ́líìtì tó já ò dọ́gba. Ẹ́ńjìnnì kan wà tí Bọ̀ọ̀dá máa ń pè ní "èyí tó ń gbá fáàfù". Bí bẹ́líìtì bá já nínú rẹ̀, kámù á dúró lójijì, fáàfù tó ti ṣí á wà ní ṣíṣí, písítìn á gòkè wá gbá a. Baby Boy wà lára wọn. Òmíràn wà tí kì í gbá fáàfù, nítorí pé àyè tó wà láàárín wọn tó. Ẹ́ńjìnnì 5S-FE inú Camry 1997 sí 2001, àti 4A-FE inú Corolla tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, irú wọn nìyẹn. Bí bẹ́líìtì wọn bá já, ọkọ̀ á dúró, ẹ ó bínú, wọ́n á fà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, bẹ́líìtì tuntun á wọlé, ó parí. Lójú títì, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì: "ó já táímìn". Ní ti owó, ọ̀kan jẹ́ ibà, èkejì jẹ́ òkú.

Ní oṣù Òkúdù ọdún náà, wọ́n fa bọ́ọ̀sì kékeré kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Ìyá kan tó ń kó ìrẹsì Ọ̀fadà lọ sí ọjà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta ló ni ín. Ó ní ọkọ̀ ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, kò gbóná, kò dún, kò gbọ̀n; àfi bó ṣe kú lójijì bí iná NEPA. Awakọ̀ rẹ̀ ti lu sítátà títí tí bátìrì fi rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá so bátìrì mìíràn mọ́ ọn, ó ní kí n ta á lẹ́ẹ̀kan péré. Ó gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí fúyẹ́fúyẹ́ láìsí ohun tó ta kò ó, kò tíì ṣí nǹkan kan tó fi ní, "Bẹ́líìtì ti já. Ẹ má tún ta á mọ́." A ṣí ìdérí, ọ̀já rọ́bà náà ti pín sí méjì, ara rẹ̀ sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Nígbà tí a tú tọ́ọ̀pù sílẹ̀, fáàfù mẹ́fà ló ti tẹ̀.

Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún ìyá yìí ti sọ fún un pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bẹ́líìtì ni. Kò sí ìwé, kò sí àmì, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìyá náà jókòó sórí táyà àlòkù kan, ó bi Bọ̀ọ̀dá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, èló ni bẹ́líìtì ọ̀hún ì bá ná mi?" Bọ̀ọ̀dá sọ iye rẹ̀. Ó tún béèrè iye tí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ báyìí máa gbà. Bọ̀ọ̀dá sọ ìyẹn náà, tìtìjú-tìtìjú, bí ẹni pé òun ló já bẹ́líìtì. Ìyá náà ò sunkún, kò jà. Ó ṣírò o lórí ìka rẹ̀, ó ní owó tí òun fẹ́ fi ra ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ náà fi wà lọ́dọ̀ wa nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń rí owó náà san. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló fi ń kó ìrẹsì, èrè rẹ̀ sì ń bọ́ sápò ẹlòmíràn.

Àwọn awakọ̀ abẹ́ igi rí bọ́ọ̀sì yẹn, wọ́n ní, "A ò wí? Bẹ́líìtì!" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba gbé ọkọ̀ oníṣéènì wá. Láràárọ̀, bó bá ti ta á, ẹ́ńjìnnì á dún ṣàkàṣàkà bí agolo tí wọ́n kó òkúta sí, yóò sì dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tó ti ń dún bẹ́ẹ̀. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé ṣéènì kì í bàjẹ́, nítorí náà, òun rò pé ìdérí ẹ́ńjìnnì ló dẹ̀. Bọ̀ọ̀dá fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì jáde. Ohun tó wà lórí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọ̀dà títì. Ó ti lé ní ọdún kan tí ọkùnrin náà ti ń bu ọ́ìlì kún ọ́ìlì láìda ti tẹ́lẹ̀ nù.

Ibẹ̀ ni mo ti lóye ohun tí wọ́n ń pè ní ṣéènì tó nà. Irin ọ̀hún kì í nà bíi rọ́bà. Ojú ìsopọ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀ nítorí ọ́ìlì tó ti dọ̀tí. Bí ìsopọ̀ tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jẹ díẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á gùn sí i. Téńṣọ́nà á máa tì í, títí yóò fi na ara rẹ̀ tán. Láàárọ̀, kí ọ́ìlì tó gòkè wá fún téńṣọ́nà lágbára, ṣéènì tó dẹ̀ náà á máa na ara mọ́ ike. Ìyẹn ni ariwo agolo. Tirẹ̀ ti fo eyín kan nígbà tí a ṣí i. Ká ní ó tún fo sí i ni, fáàfù ìbá ti tẹ̀ níbẹ̀ náà. A pààrọ̀ ṣéènì, téńṣọ́nà, àwọn ike rẹ̀ àti wíìlì eléyín. Bẹ́líìtì, Bọ̀ọ̀dá máa ń parí rẹ̀ lóòjọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi ṣe èyí, owó rẹ̀ sì jìnnà sí ti bẹ́líìtì bí ọ̀run ti jìnnà sí ilẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìbéèrè àwọn ará abẹ́ igi kò pé. Bẹ́líìtì kì í kìlọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ṣéènì kò ní ọjọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀rọ̀ kó tó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Bẹ́líìtì ń fẹ́ ẹni tó mọ kàlẹ́ńdà, ṣéènì ń fẹ́ ẹni tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì tó sì ń tẹ́tí. Ẹni tí kò bá ní ọ̀kan nínú méjèèjì, Bọ̀ọ̀dá ní kó lọ máa wọ mọ́tò èrò. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí tún le fún àwọn ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì. Gbogbo mẹkáníìkì ló mọ̀ pé 2AZ-FE inú Camry Muscle ti 2007 sí 2009 a máa jẹ ọ́ìlì bó bá ti dàgbà, ṣéènì sì ni ó ń lò. Ẹni tó bá ń wa irú rẹ̀ tí kì í fa ọ̀pá ọ́ìlì wò, ebi ló ń fi pa ṣéènì rẹ̀.

Nǹkan tí mo kọ́ yìí dé ilé wa nínú oṣù Ògún. Ìyá mi yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn láti ra ọkọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, kó lè máa kó èrò láti Owódé lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbọ́n mi ti kàwé gboyè, ó ti jókòó sílé fún ọdún méjì. Oṣooṣù ni wọ́n máa san owó náà padà, bí ọkọ̀ bá sì dúró, gbèsè ò ní dúró. Ọkọ̀ méjì ló wà nílẹ̀ tí agbára wa ká. Ọ̀kan ni Camry ọdún 2000, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, bẹ́líìtì. Èkejì kéré sí i lọ́jọ́ orí, ara rẹ̀ ń dán, ṣéènì. Iye wọn súnmọ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi ti yan oníṣéènì kí a tó débẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá ní kí ẹni tó ń tà wọ́n má ta ọkọ̀ kankan kí òun tó dé. Aago méje àárọ̀ la débẹ̀, ẹ́ńjìnnì méjèèjì tutù. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn láti mọ̀ dájú. Ó ta Camry, ó rọra bẹ̀rẹ̀. Ó ta èkejì: ṣàkàṣàkà, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Èmi àti Bọ̀ọ̀dá wo ara wa. Ó ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ó fi iná fóònù wò ó, inú rẹ̀ dúdú, ó ní èèpá.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ṣéènì ló dára jù."

Bọ̀ọ̀dá dá a lóhùn pé, "Gbogbo ayé kọ́ ló máa san gbèsè ìyá ẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ o. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ta ọkọ̀ lọ́la máa rí oníṣéènì tà kíákíá. Ó ní owó bẹ́líìtì máa ń padà wá ni, ti ṣéènì lè má wá mọ́ láéláé. Òótọ́ ni. Ká ní inú ọkọ̀ kejì mọ́, tí kò dún láàárọ̀ yẹn, èmi náà ì bá tì í lẹ́yìn. Ìyá mi gbọ́ tẹnu wọn tán, ó yíjú sí Bọ̀ọ̀dá, ó ní, "Ọkọ mi, bó bá jẹ́ owó yín ni, èwo lẹ máa rà?"

Bọ̀ọ̀dá ní, "Ìyàwó wa, ti bẹ́líìtì yìí, mo mọ iye tó máa ná wa, mo sì mọ ọjọ́ tó máa ná wa. Òní ni. Bó bá tilẹ̀ já lọ́jọ́ kan, irú ẹ́ńjìnnì yìí kì í gbá fáàfù. Ti ṣéènì yẹn, ẹni tó lò ó ṣáájú wa nìkan ló mọ ohun tó fi ojú rẹ̀ rí, kò sì sí níbí."

Camry la rà. Kò tíì kó èrò kan tí a fi wakọ̀ ọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù. Bọ̀ọ̀dá pààrọ̀ bẹ́líìtì, téńṣọ́nà àti àwọn síìlì tó lè ta ọ́ìlì sí i. Ó pààrọ̀ wọ́tà pọ́ǹpù pẹ̀lú, nítorí pé bẹ́líìtì yìí kan náà ló ń yí i, kò sì bọ́gbọ́n mu kí a tú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó jẹ́ kí èmi to àmì orí wíìlì kámù àti ti kíráńkì. Lẹ́yìn náà, ó fún mi ní sípánà, ó ní kí n fi ọwọ́ yí kíráńkì ẹ̀ẹ̀mejì gbáko kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ kọ́kọ́rọ́. Bí nǹkan kan bá máa kan ara wọn, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n kó tó bàjẹ́. Sítátà kì í mọ nǹkan kan. Àwọn àmì náà padà sójú kan náà. Àyà mi ń lù kìkì, nítorí mo mọ owó tó wà nínú ọkọ̀ yẹn.

Mo bu ìdajì ojú ewé nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo kọ ọ́ sí i ní Yorùbá: ọjọ́ tí a pààrọ̀ bẹ́líìtì, iye máìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, iye máìlì tí a gbọ́dọ̀ tún pààrọ̀ rẹ̀, àti pé bí ọdún márùn-ún bá pé ṣáájú, kí wọ́n má dúró de máìlì. Mo fi sẹ́lótéèpù bò ó, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bọ̀ọ̀dá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n máa ṣe é fún gbogbo oníbàárà. Fún oníṣéènì, a kọ ọjọ́ tí a da ọ́ìlì nù, àti ìgbà tí òmíràn kan, 5,000 kìlómítà. Nígbà tí ìyá onírẹsì wá gba bọ́ọ̀sì rẹ̀ fún àyẹ̀wò kejì, ó ní kí n bá òun kọ tòun gàdàgbà-gàdàgbà kí òun lè rí i kà. Ó kà á sókè níwájú awakọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ìwọ náà ti gbọ́ o."

Ọ̀rọ̀ tó kan ẹ̀ka wa gan-an nìyí. A máa ń jókòó ní kíláàsì, a máa ń ní àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tán. Lóòótọ́, àwọn orúkọ tí mo kọ síbí, púpọ̀ nínú wọn la yá: bẹ́líìtì, ṣéènì, fáàfù, kíráńkì. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọn. Bẹ́líìtì ń *já*, ṣéènì ń *fò*, fáàfù ń *tẹ̀*, písítìn ń *gbá*, ẹ́ńjìnnì ń *jẹ* ọ́ìlì. Nǹkan ni a yá orúkọ rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i, Yorùbá la fi ń sọ ọ́, ó sì ṣe rẹ́gí débi pé ọmọ iṣẹ́ tí kò ka ìwé mẹ́fà mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ̀ tó já táímìn àti èyí tí táímìn rẹ̀ fò. Mo ti ń pe bẹ́líìtì ní ọ̀já, tí mo sì ń pe ṣéènì ní ẹ̀wọ̀n nínú káàdì mi. Kò sí oníbàárà tó bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyá tó bá ti pọn ọmọ rí mọ ohun tí ọ̀já tó dẹ̀ lè ṣe.

Ìyá mi ti san gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tán. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń ná ọ̀nà Abẹ́òkúta, ó sì ṣì ń sọ fún èèyàn pé ọkọ̀ tí òun máa rà lẹ́yìn èyí, ṣéènì ni. Mi ò bá a jiyàn. Mo kàn máa ń sọ fún un pé kó lọ gbọ́ ọ láàárọ̀.

Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń ṣiṣẹ́, tí ẹ ń múra ọkọ̀ àkọ́kọ́, ohun tí mo ní fún yín kò pọ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ẹ má fi orúkọ ìnagijẹ ọkọ̀ ṣe ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ta á níṣojú yín nígbà tó tutù. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì wò. Bó bá jẹ́ ọ̀já ló ń lò, tí kò sì sí ìwé, ẹ kà á sí pé wọn ò tíì pààrọ̀ rẹ̀ rí, kí ẹ sì yọ owó rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó dúnàádúrà. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Bí mẹkáníìkì yín bá sì ti ṣe é tán, ẹ má jẹ́ kó parí sí ẹnu. Ẹ kọ ọjọ́ àti máìlì sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ní èdè tí ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà lẹ́yìn yín lè kà.